Bí A Ṣe Lè Dá Owó Àtijọ́ àti Ohun Ọ̀ṣọ́ Tòótọ́ Mọ̀ Yàtọ̀ sí Ayédèrú

Nígbà tí àgbà kan bá sùn, tí àwọn ọmọ rẹ̀ sì péjọ láti ṣí àpótí rẹ̀, wọ́n sábà máa ń bá ohun mẹ́ta lábẹ́ aṣọ: owó àtijọ́ tí a dì sínú àkísà, ẹ̀gbà ọwọ́ tàbí yẹtí tí ó ti dúdú, àti ìlẹ̀kẹ̀ tí okùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ já. Àwọn ọ̀dọ́ kì í sábà mọ ohun tí wọ́n ń wò. Kò ní pẹ́ tí òǹrajà kan tí ń rìn káàkiri yóò fi dé. Yóò sọ pé owó náà kò níláárí mọ́ nítorí pé kò sẹ́ni tí ń ná an, yóò sì san owó táṣẹ́rẹ́ fún fàdákà tí ó jẹ́ ojúlówó. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́, nígbà tí àgbẹ̀ bá ta kòkó rẹ̀ tán tí owó sì wà lọ́wọ́, ẹlòmíràn yóò gbé ẹ̀gbà ọrùn tí ń dán yanranyanran wá, yóò ní wúrà ni, bẹ́ẹ̀ ni idẹ tí a fi omi wúrà kùn ni. Ẹni tí a rẹ́ jẹ nígbà tí ó ń tà àti ẹni tí a rẹ́ jẹ nígbà tí ó ń rà, ohun kan náà ni ó ṣe wọ́n: ojú ẹlòmíràn ni wọ́n fi wo nǹkan. Àwọn àgbà sì ti wí pé, a kì í fi ojú olójú ṣòwò kí á jèrè.

Ohun kan ni kí òǹkàwé kọ́kọ́ fi sọ́kàn. A lè fi àwọ̀ wúrà kun ohunkóhun, a lè nu ohunkóhun títí yóò fi dán, ẹnikẹ́ni sì lè pa ìtàn. Ṣùgbọ́n ó ṣòro gidigidi fún ayédèrú láti ní ìtóbi ohun tòótọ́ àti ìwúwo rẹ̀ pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Nítorí náà, ìtóbi àti ìwúwo ni kí a fi ṣe adájọ́, kí á fi àwọ̀ àti ọ̀rọ̀ ẹnu ṣe ìkẹyìn.

ÀWỌN OWÓ TÍ A LÈ BÁ NÍNÚ ÀPÓTÍ

Owó ẹyọ ni ó ṣáájú. Ogójì ẹyọ ni a ń sín sórí okùn kan, àádọ́ta okùn jẹ́ ẹgbàá kan, ẹgbàá mẹ́wàá sì jẹ́ ọ̀kẹ́ kan, èyí tí í ṣe 20,000. Kò sí alágbẹ̀dẹ tí ó lè rọ ẹyọ, nítorí inú òkun ni ó ti ń wá, láti erékùṣù Maldive. Síbẹ̀, ní àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Jámánì rí oríṣi ẹyọ mìíràn ní agbègbè Zanzibar, wọ́n sì ń fi ọkọ̀ ojú omi kó o wá sí etí òkun wa lọ́pọ̀lọpọ̀. Ti Maldive kéré, ó sì ní gbágungbàgun lára. Ti Zanzibar tóbi jù ú lọ, ó sì ní ìlà aláwọ̀ òféèfèé tí ó yí ẹ̀yìn rẹ̀ po bí òrùka, bí a kò bá tíì gé ẹ̀yìn náà kúrò. Bí ẹyọ ti ń pọ̀ sí i ni iye rẹ̀ ń wálẹ̀. Èyí kì í ṣe ayédèrú, ṣùgbọ́n ó kọ́ ni pé ohun tí ó bá pọ̀ jù kì í níye lórí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ tòótọ́.

Lẹ́yìn èyí ni owó fàdákà ńlá tí a ń pè ní dọ́là. Ọ̀kan nínú wọn ni èyí tí ó ní orí Maria Theresa, ọbabìnrin ilẹ̀ Austria. A ná an púpọ̀ ní ilẹ̀ Borno, àwọn alágbẹ̀dẹ sì máa ń yọ́ irú dọ́là bẹ́ẹ̀ láti fi rọ ohun ọ̀ṣọ́. Ìwúwo rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 28, ìdá márùn-ún nínú mẹ́fà rẹ̀ sì jẹ́ fàdákà. Ọdún 1780, tí í ṣe ọdún tí ọbabìnrin náà kú, ni a kọ sí ara gbogbo rẹ̀, síbẹ̀ a tún lù ú ní Róòmù láti ọdún 1935 àti ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1936, pẹ̀lú ọdún 1780 kan náà lára rẹ̀. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe sanwó ńlá nítorí ọdún tí ó rí lára owó nìkan. Dọ́là yìí tí ó jẹ́ tòótọ́ ní ọ̀rọ̀ Látìn tí ó yọ sókè ní etí rẹ̀ yíká. Bí etí rẹ̀ bá pa rọ́rọ́, kí a fura.

Owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tẹ̀ lé e, tí orí Ọbabìnrin Victoria, Ọba Edward keje tàbí Ọba George karùn-ún wà lára rẹ̀. Ṣílè tí a lù kí ọdún 1920 tó dé ní ìpín 925 fàdákà nínú 1,000. Láti ọdún 1920 títí di 1946, ìpín 500 péré ni ó wà nínú rẹ̀. Láti ọdún 1947 lọ, kò sí fàdákà kankan nínú ṣílè tí a ń ná, bàbà àti níkẹ́lì àdàlù ni.

Ní ọdún 1912, a dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láti máa bójú tó owó Nàìjíríà, Gold Coast, Sàró àti Gáńbíà. Ọdún 1913 ni ọdún àkọ́kọ́ tí ó hàn lára àwọn owó fàdákà ìgbìmọ̀ náà: tọ́rọ́, sísì, ṣílè àti ṣílè méjì. Igi ọ̀pẹ wà lẹ́yìn ṣílè àti ṣílè méjì. Àwọn tí ọdún wọn bẹ̀rẹ̀ láti 1913 títí dé 1919 jẹ́ fàdákà tí ó dára bí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ìgbà náà. Nígbà tí fàdákà wọ́n lẹ́yìn ogun ọdún 1914 sí 1918, a bẹ̀rẹ̀ sí fi idẹ rọ wọ́n láti ọdún 1920. Bí àpótí bá ní ṣílè funfun ti ọdún 1914 àti ṣílè pupa rúsúrúsú ti ọdún 1925, kí a má ṣe kó wọn pọ̀ tà ní iye kan náà. Lẹ́tà kékeré H tàbí KN tí a lè rí lára wọn kì í ṣe àmì ayédèrú. Ó ń tọ́ka sí ilé iṣẹ́ tí ó lù wọ́n ní agbègbè Birmingham.

Àwọn owó oníhò, èyíinì ni ọ̀nìní, ààbọ̀ kọ́bọ̀ àti kọ́bọ̀, ní ìràwọ̀ onígun mẹ́fà àti adé, wọn kò sì ní orí ọba. Púpọ̀ nínú wọn funfun, ṣùgbọ́n wọn kò ní fàdákà nínú rárá. Alumíníọ́mù fífúyẹ́ ni ọ̀nìní àkọ́kọ́ ti ọdún 1907, púpọ̀ nínú àwọn tí ó kù sì jẹ́ bàbà àti níkẹ́lì àdàlù. Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí ní owó tirẹ̀ ní ọdún 1959. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1973 ni náírà sì rọ́pò pọ́n-ùn àti ṣílè. Òótọ́ ni pé owó wọ̀nyí kò ṣeé ná lọ́jà mọ́, ṣùgbọ́n fàdákà tí ó wà nínú wọn kò kú pẹ̀lú òfin.

BÍ A ṢE Ń MỌ AYÉDÈRÚ OWÓ

Láàárín ọdún 1920 sí 1940, ayédèrú ṣílè gbilẹ̀ ní gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà, nítorí pé idẹ tí ìjọba ń lò kò yàtọ̀ púpọ̀ sí idẹ tí alágbẹ̀dẹ ní nínú ilé arọ rẹ̀. Púpọ̀ nínú irú ayédèrú bẹ́ẹ̀ ṣì wà nínú àpótí títí di òní. Kí a tó lè dá wọn mọ̀, ó yẹ kí a mọ bí a ṣe ń ṣe owó. Ìjọba a máa fi òǹtẹ̀ irin líle lu irin tútù pẹ̀lú agbára ẹ̀rọ ńlá. Ayédèrú, ní ọ̀pọ̀ ìgbà, dídà ni a dà á: a ó tẹ owó tòótọ́ mọ́ amọ̀, a ó yọ ọ́ kúrò, a ó sì da irin yíyọ́ sí ojú ihò tí ó kù. Láti inú ìyàtọ̀ yìí ni àmì márùn-ún ti jáde.

Èkínní ni ojú owó. Lẹ́tà ara owó tòótọ́ mú ṣáṣá, àárín lẹ́tà kan sí èkejì sì tẹ́jú. Lẹ́tà ayédèrú a máa rọ̀ bí ọṣẹ tí a ti fi wẹ̀, ihò wẹ́wẹ́ tí afẹ́fẹ́ dá sínú irin gbígbóná a sì máa hàn lójú rẹ̀.

Èkejì ni etí owó. A la etí owó fàdákà ní ìlà wẹ́wẹ́ kí olè má baà lè gé e díẹ̀díẹ̀ láìhàn. Lára owó tòótọ́, ìlà náà dọ́gba yíká. Lára ayédèrú, ó lè fọ́n níbì kan, ó lè nípọn níbòmíràn, tàbí kí a rí ojú ibi tí amọ̀ méjì ti pàdé, tí a fi ayùn irin rẹ́ kúrò.

Ẹ̀kẹta ni ìtóbi. Irin gbígbóná a máa súnkì bí ó ti ń tutù. Nítorí náà, owó tí a dà láti ara owó tòótọ́ a máa kéré sí i díẹ̀. Bí a bá gbé méjèèjì lé ara wọn, ìka ọwọ́ yóò mọ ìyàtọ̀ tí ojú kò rí.

Ẹ̀kẹrin ni ìwúwo. Èyí ni ó dájú jù, kò sì gba ju ìwọ̀n aláwo méjì lọ. Àwọn owó fàdákà bá ara wọn mu: tọ́rọ́ jẹ́ gíráàmù 1.4, sísì jẹ́ 2.8, ṣílè jẹ́ 5.65, ṣílè méjì sì jẹ́ 11.3. Nítorí náà, ṣílè fàdákà méjì gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú owó ṣílè méjì kan lórí ìwọ̀n, tọ́rọ́ mẹ́rin sì gbọ́dọ̀ dọ́gba pẹ̀lú ṣílè kan. Owó tí ó ti gbó lè fúyẹ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ojú rẹ̀ ṣì mú ṣáṣá tí ó sì fúyẹ́ jọjọ, ayédèrú ni.

Ẹ̀karùn-ún ni ìró. Bí a bá ju fàdákà sórí òkúta tí ó tẹ́jú, a máa dún gooro, ìró rẹ̀ a sì pẹ́ kí ó tó kú. Òjé a máa dún lásán bí èèpo igi. Ṣùgbọ́n owó tòótọ́ tí ó ti sán kì í dún dáadáa, nítorí náà kí a má ṣe fi ìró nìkan dá ẹjọ́. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, bí owó méjì bá ní ojú ọgbẹ́ kan náà ní ibì kan náà, ìyá kan ni ó bí wọn: inú amọ̀ kan náà ni a ti dà wọ́n.

WÚRÀ, FÀDÁKÀ ÀTI ÌDÁNWÒ OMI

Ìtàn kan wà tí Vitruvius ará Róòmù kọ sílẹ̀. Ní ìlú Syracuse, ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Olúwa wa, Ọba Hiero fún alágbẹ̀dẹ kan ní wúrà láti fi ṣe adé. Nígbà tí adé náà dé, ìwúwo rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n ọba fura pé a ti fi fàdákà lú u. Ó ní kí Archimedes ọlọ́gbọ́n wádìí rẹ̀ láìba adé náà jẹ́. Bí Archimedes ti wọ inú agbada láti wẹ̀, omi ya dànù, òye sì yé e: ohun méjì tí ìwúwo wọn dọ́gba lè gba ààyè omi tí kò dọ́gba. Adé náà ti omi dànù ju ògidì wúrà tí ó wúwo bákan náà lọ, àṣírí alágbẹ̀dẹ náà sì tú.

Ohun tí ó fa èyí ni pé bí a bá mú omi, idẹ, fàdákà, òjé àti wúrà tí ìtóbi wọn jẹ́ ọ̀kan náà, idẹ wúwo ju omi lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 8.5, fàdákà ní 10.5, òjé ní 11.3, ògidì wúrà sì ní 19.3. Alágbẹ̀dẹ wúrà tí ó bá ní ìwọ̀n kékeré lè ṣe ìdánwò yìí lójú ẹni tí ó ni nǹkan. Kí ó kọ́kọ́ wọn ohun ọ̀ṣọ́ náà ní gbígbẹ. Lẹ́yìn náà kí ó gbé ife omi sórí ìwọ̀n, kí ó dá ìwọ̀n náà padà sí òdo, kí ó sì fi òwú tẹ́ẹ́rẹ́ rọ ohun ọ̀ṣọ́ náà sínú omi láìjẹ́ kí ó kan ìsàlẹ̀ tàbí ẹ̀gbẹ́ ife. Nọ́ńbà tí yóò hàn ni kí ó fi pín ìwúwo àkọ́kọ́. Bí ẹ̀gbà kan bá jẹ́ gíráàmù 20, tí ìwọ̀n sì fi nǹkan bí 1.1 hàn, ó jọ wúrà kárátì 22. Bí ó bá fi 1.9 hàn, ó jọ fàdákà. Bí ó bá tó 2.4, idẹ ni, bí ó ti wù kí ó dán tó.

Ìdánwò yìí ní ààlà. Kò wúlò fún ohun tí inú rẹ̀ ṣófo tàbí tí a fi òkúta sí lára. Wúrà kárátì 9 sì súnmọ́ òjé àti fàdákà ní ìwúwo, nítorí pé ìpín 9 péré nínú 24 ni ó jẹ́ wúrà. Irin kan tí a ń pè ní tungsten náà wà tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo bákan náà pẹ̀lú ògidì wúrà, àwọn arẹ́nijẹ ayé òde òní sì ti ń fi í sí inú ìtì wúrà. Fún ohun ńlá, kí a lọ bá ẹni tí ó ní ẹ̀rọ ìdánwò.

Owó wúrà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a ń pè ní sovereign jẹ́ àpẹẹrẹ tí ó dára. Kárátì 22 ni. Ìwúwo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 8, ó fẹ̀ tó mìlímítà 22, ó sì nípọn tó mìlímítà 1.5. Bí a bá fi idẹ ṣe é ní ìtóbi kan náà, ìwúwo rẹ̀ kò ní tó gíráàmù 4. Bí arẹ́nijẹ bá fẹ́ kí idẹ náà wúwo tó wúrà, àfi kí ó mú un nípọn ju ìlọ́po méjì lọ, nígbà náà ojú lásán yóò rí i.

ÒǸTẸ̀ ÀTI ÒÒFÀ

Nọ́ńbà tí a tẹ̀ sí ara wúrà ń sọ ìpín wúrà nínú 1,000: 916 ni kárátì 22, 750 ni kárátì 18, 585 ni kárátì 14, 375 sì ni kárátì 9. Nọ́ńbà 925 jẹ́ ti fàdákà tí ó dára. Fàdákà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì a máa ní àwòrán kìnnìún tí ń rìn. Ìdákọ̀ró ọkọ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ń sọ pé Birmingham ni a ti dán an wò. Ṣùgbọ́n ṣíbí tí a kọ EPNS sí, fàdákà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni a fi bo ojú rẹ̀. Bàbà, níkẹ́lì àti síńkì àdàlù ni inú rẹ̀. Kí a sì rántí pé ẹni tí ó lè ṣe ayédèrú ẹ̀gbà lè ṣe ayédèrú òǹtẹ̀ pẹ̀lú. Ibi tí a ti ń gbá ara wọn ni kí a wò, bí abẹ́ òrùka àti ojú ìdè ẹ̀gbà; níbẹ̀ ni omi wúrà ti máa ń ṣí tí idẹ yóò sì yọjú.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé òòfà. Bí òòfà bá fa ohun tí a pè ní wúrà, irin wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí kò bá fà á, kò tíì jẹ́ ẹ̀rí, nítorí òòfà kì í fa idẹ, bàbà tàbí òjé pẹ̀lú.

IYÙN ÀTI SẸ̀GI

Iyùn pupa tòótọ́ jẹ́ egungun ẹ̀dá kékeré inú òkun, òkun Mẹditaréníà ni púpọ̀ rẹ̀ sì ti ń wá. A máa tutù bí a bá kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án, a máa wúwo, ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ a sì máa hàn ní gígùn rẹ̀. Kì í sábà jọra délẹ̀ láti ìlẹ̀kẹ̀ kan dé èkejì. Ike fúyẹ́, ó tètè móoru lọ́wọ́, gbogbo rẹ̀ a sì dọ́gba bí ẹni pé inú ihò kan ni wọ́n ti jáde. Bí a bá kán omi ọsàn wẹ́wẹ́ ẹyọ kan sí ẹnu ihò iyùn, níbi tí kò hàn, a máa hó wẹ́wẹ́. Ike àti gíláàsì kì í hó. Kí a tètè fi omi ṣan án, nítorí pé ọsàn a máa jẹ ojú rẹ̀. Ìdánwò yìí kò lè fi hàn bí a bá pa funfun láró. Òwú tútù tí a bá fi nù ún lè gba àwọ̀ pupa náà.

Sẹ̀gi jẹ́ ti ilé wa. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti fi hàn pé ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀ ni àwọn baba ńlá ti ń yọ́ dígí tí wọ́n sì ń fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún kí òyìnbó tó dé etí òkun. Àwọn sẹ̀gi mìíràn a máa jẹ́ aró bí ìmọ́lẹ̀ bá tàn sí wọn lójú, wọn a sì yí sí àwọ̀ ewé bí a bá gbé wọn sí ìwájú ìmọ́lẹ̀. Sẹ̀gi tí ó ti pẹ́ ní ẹnu ihò tí okùn ti jẹ, tí ó sì dán láti inú wá. Tuntun tí a fi iyanrìn ha kí ó lè jọ àgbà a máa gbó lójú nìkan. Ẹnu ihò rẹ̀ ṣì mú.

OHUN TÍ A KÒ GBỌDỌ̀ ṢE

Kí a má ṣe fi eyín gé owó wò. Òjé náà rọ̀ bí wúrà, ó sì jẹ́ májèlé. Fún ìdí kan náà ni kí a má ṣe jẹ́ kí ọmọdé fi ohun ọ̀ṣọ́ olówó pọ́ọ́kú sí ẹnu. Ásíìdì tí alágbẹ̀dẹ fi ń dán wúrà wò a máa jó ara, èéfín rẹ̀ a sì máa ba àyà jẹ́. Ilé arọ ni ààyè rẹ̀, kì í ṣe ilé ìdáná. Kí a má ṣe fi eérú, iyanrìn tàbí ọsàn bó owó àtijọ́. Dúdú tí ó wà lójú fàdákà kò bà á jẹ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ń ra owó àtijọ́ yóò dín iye èyí tí a bá ti ha lára kù. Ọṣẹ, omi àti aṣọ rírọ̀ tó.

ỌGBỌ́N RÍRÀ ÀTI TÍTÀ

Kí ẹni tí ń tà wọn nǹkan rẹ̀ kí ó tó jáde nílé, kí ó kọ ìwúwo náà sílẹ̀, kí ó sì béèrè iye lọ́wọ́ alágbẹ̀dẹ méjì tí kò mọ ara wọn. Kí ó má ṣe gbà kí a yọ́ ohunkóhun kí a tó fẹnu kò.

Kí ẹni tí ń rà má ṣe jẹ́ kí ohun tí a ti dán wò kúrò lójú rẹ̀. Ọ̀nà tí ó wọ́pọ̀ jù nìyí: arẹ́nijẹ yóò mú wúrà tòótọ́ wá fún ìdánwò, yóò gbà á padà láti dì í sínú bébà, ayédèrú ni yóò sì dì. Ẹni tí ó ń sọ pé òun hú wúrà náà nínú oko, tí ó sì ní kí a yára kí ẹnikẹ́ni má gbọ́, kí a jẹ́ kí ó máa lọ. Bí ohun àtijọ́ bá sì jáde láti inú ilẹ̀ ní tòótọ́, òfin Nàìjíríà ti ọdún 1979 kò fún gbogbo ènìyàn láyè láti máa tà á tàbí kí wọ́n kó o jáde nílùú. Ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ìjọba ni kí a mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ.

Bí ayédèrú owó òde òní bá bọ́ sí ènìyàn lọ́wọ́, kí ó má ṣe ná an fún ẹlòmíràn, kí ó má sì ṣe jù ú sínú àwo ọrẹ. Ẹni tí ó bá mọ̀ọ́mọ̀ ná an ti di arúfin gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ṣe é. Kí ó mú un lọ sí báńkì tàbí ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá. Àdánù rẹ̀ yóò dùn ún, ṣùgbọ́n lọ́wọ́ rẹ̀ ni irọ́ náà yóò ti parí.

Kí olúkúlùkù ìdílé, nígbà tí àgbà ṣì wà láàyè, jókòó ní ọjọ́ kan kí wọ́n ṣí àpótí náà, kí wọ́n wọn ohun tí ó wà nínú rẹ̀, kí wọ́n sì kọ orúkọ àti ìwúwo ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú ìwé. Bí irọ́ bá lọ ní ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò lé e bá. Ẹni tí ó ní ìwọ̀n àti ìwé nílé kò ní dúró di ogún ọdún.